Omi Tó Sùn Mọ́jú

Òórùn ẹ̀wà lílọ̀ tó ti wú mọ́jú ló máa ń gbé mi padà síbẹ̀. Kì í ṣe òórùn burúkú. Ó kan díẹ̀, ó sì dùn díẹ̀, bí ògì ọjọ́ kejì tí wọn ò tíì da omi orí rẹ̀ nù. Mo lè wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará India tó wà lójú ọ̀nà wa ní Stockbridge ní Amẹ́ríkà níbí, kí n ṣí fìríìjì wọn láti wo ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ike, òórùn yẹn á ti bá mi lójú ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo máa ń rántí ọmọbìnrin kan tó gbà pé bí èèyàn bá ti pe ẹnì kan ní ẹ̀gbọ́n, ẹni náà ò lè ṣe é níbi mọ́. Èmi ni ọmọbìnrin yẹn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín jù, wọ́n kàn tọ́ mi dáadáa ju bó ṣe yẹ lọ ni.

Ìlú kan ní gúúsù India ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́. Ìlú náà kún fún ilé ìwádìí ìjọba. Ti oúnjẹ wà níbẹ̀, ti irúgbìn wà níbẹ̀, ti oògùn náà ò jìnnà, igi ńláńlá sì ṣíji bo gbogbo wọn. Ti oúnjẹ ni wọ́n gbà mí sí. Àwọn obìnrin tó ń ta òdòdó funfun tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀ máa ń jókòó lẹ́nu géètì, bí o bá sì ti wọlé, òórùn òdòdó á dúró síta, ti ata gbígbẹ àti ìrẹsì sísè á gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó kúrò nílé, bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ń lọ di dókítà oúnjẹ. Àwọn aládùúgbò bi í pé àìsàn wo ló ń ṣe oúnjẹ. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ ohun tí wọn ò mọ̀.

Ọ̀gá mi níbẹ̀ jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó máa ń wọ bàtà ìsáré sábẹ́ sáàrì rẹ̀. Madam ni gbogbo wa ń pè é. Bí nǹkan bá dùn mọ́ ọn, á máa mi orí sọ́tùn-ún sósì, bí ìgbà tí àwa bá ń sọ pé rárá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó mi orí sí iṣẹ́ mi báyẹn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo lọ sunkún sí. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó ṣàlàyé fún mi pé ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ náà dáa gan-an. Òfin rẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ tọ́ oúnjẹ wò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fín lọ́fíńdà, kò gbọdọ̀ jẹ àlùbọ́sà láàárọ̀. Kálukú á wọ inú yàrá tóóró tirẹ̀, wọ́n á tan iná pupa kí àwọ̀ oúnjẹ má bàa tan ẹnu jẹ. Ṣùgbọ́n òfin tó kọ́kọ́ kọ́ mi, kó tó kọ́ mi ní ohunkóhun mìíràn, ni òfin omi.

Ìjọba máa ń da oògùn apakòkòrò sínú omi ẹ̀rọ ìlú náà. Ó dáa fún ẹni tó fẹ́ mu ún. Àmọ́ ohun tó ń mú ìrẹsì àti ẹ̀wà lílọ̀ wú kò ju àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ojú kò rí lọ, oògùn yẹn ò sì mọ ẹni rere yàtọ̀ sí ẹni ibi. Gbogbo wọn ló ń pa. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹni tí iṣẹ́ kàn lára wa á pọn omi sínú agbada fífẹ̀ kan, á fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó, á fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Oògùn náà á ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Madam á ní, "Omi gbọ́dọ̀ sùn kó tó ṣiṣẹ́." Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí rẹ̀ o, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni kì í ti í kọ ọ́ pé òun fọwọ́ kí òun tó dáná.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n tèmi ti wá. Mo ń wo bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ìrẹsì àti ẹ̀wà dúdú wọn wú mọ́jú, tí wọ́n á sè é láàárọ̀, tí á rọ̀ bíi òwú. Mo ní, ẹ̀wà tiwa ńkọ́? Mo rántí ìyá mi tó máa ń po ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín títí apá rẹ̀ á fi wú, kó lè rọ̀, tí kò sì ní rọ̀ náà. Mo bó ẹ̀wà, mo lọ̀ ọ́, mo fi ìrẹsì díẹ̀ sí i, mo máa ń fi ṣíbí kan lára ti àná ṣe ìwúkàrà fún ti òní. Ó gbà mí ní àsìkò, ó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ títí ojú fi tì mí. Nígbà tó wá gbà, ó gbà tán. Mọ́ínmọ́ín náà rọ̀, ó dùn, ẹ̀wà lílọ̀ náà sì ń pẹ́ nínú fìríìjì kó tó bàjẹ́. Ọjọ́ tí a tọ́ ọ wò, Madam jáde láti inú yàrá tóóró rẹ̀ pẹ̀lú àwo òfìfo lọ́wọ́, ó ń mi orí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni pé ọrùn rẹ̀ fẹ́ já.

Ọmọ Nàìjíríà kan ṣoṣo tó tún wà níbẹ̀ ni ẹni tí mò ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ka tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sá oúnjẹ gbẹ ló wà, kò sí lábẹ́ Madam. Ó dé ṣáájú mi, ó jù mí lọ, ìlú rẹ̀ ò sì jìnnà sí tiwa, kí ni mo tún ń wá? Mò ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ níwájú àwọn ará India tó ń yà mí ní fọ́tò. Mò ń gbọ́únjẹ fún un lọ́jọ́ Sunday. Bí ẹ̀wà mi bá wú tán láàárọ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Kò sí ìgbà kan tó wá nírọ̀lẹ́, nígbà tí iṣẹ́ ń bẹ. Ohun tó bá bi mí ni mò ń dáhùn, ọ̀pọ̀ ohun tí kò bi mí náà, mo sọ. Nígbà tí mo kọ ìwádìí náà tán, ó ní kí n kó o wá kí òun bá mi tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Àwa méjèèjì la sì mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ilé ìwádìí náà máa fi sílẹ̀ lára wa kó ka ìwé náà dé òpin, kó gba oyè dókítà. Iṣẹ́ tí kálukú bá gbé síwájú ìgbìmọ̀ ni wọ́n máa fi yàn án.

Kí ọjọ́ yẹn tó pé, Madam ti fẹ̀yìntì, ó ti lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ọ̀gá tuntun ò mọ ẹni tó ń ṣe kí ni. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ẹ̀wà tó ń wú. Ẹ̀wà mi! Ó ti rọra gbé e gba ẹ̀ka wọn, ó pa orúkọ mi rẹ́, ó ní iṣẹ́ òun ni. Nígbà tó parí, ó nawọ́ sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "That is my younger sister. I taught her. She assisted me very well." Ọ̀gá tuntun yíjú sí mi. Ó ní, "Is that so?"

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọdé kì í wo ojú àgbà láwùjọ kó ní irọ́ ló pa. Ohun tí a máa ń ṣe ni mo ṣe. Mo tẹ orúnkún mi sílẹ̀ díẹ̀, mo wolẹ̀, mi ò fọhùn. Ká ní nílé wa ni, àgbà kan ì bá ti rí orúnkún yẹn, ì bá ní, "Ẹ dúró ná, ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀ nínú, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́." Mo dúró de àgbà yẹn. Àgbà yẹn ò sí níbẹ̀. Wọ́n rí ọmọbìnrin tó tẹríba, wọ́n gbà pé ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá tuntun ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tí mo ń padà sí Nàìjíríà, ó sìn mí dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ó ra bísíkíìtì fún mi, ó ní, "Àbúrò, má bínú. Ọlọ́run á ṣe tìẹ náà." Ẹ gbọ́ ná, mo ní "Ẹ ṣé, sà." Bàbá mi ò bi mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ní, "Ṣé ó le jù ni?" Mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo kàn ń sunkún, ó sì mú un pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dẹ́kun àtimáa jókòó síwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́ níbi tí àwọn aládùúgbò ti lè bi í léèrè. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọmọ òun ò lè ṣe é. Ohun tí wọ́n jí lọ́wọ́ mi, mo lè gbé e jìn wọ́n. Èyí tí wọ́n jí lọ́wọ́ bàbá mi, mi ò gbé e jin ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Mo dé Amẹ́ríkà, mo bímọ, mo ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọbẹ̀ inú ìgò lápá Douglasville, níbi tí mo ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò tí mo sì ń sọ pé èyí lè jáde, èyí ò lè jáde. Ní ọjọ́ Sunday kan, mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni Ẹ̀gbọ́n bá wọlé. Ó ti hewú, ó ti sanra, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé sí Loganville. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Àbúrò mi! Ah, God is faithful o! Ìwọ náà ló dàgbà báyìí?" Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ti gbàgbé! Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Kò pẹ́ tó fi dìde jẹ́rìí. Ó ní nígbà tí òun wà ní India, tí òun ń gbààwẹ̀, Ọlọ́run sọ̀rọ̀ kan sí òun nínú nípa ẹ̀wà. Ó ní òun ti wá ń ṣe ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín tó ń wú fúnra rẹ̀, ó wà nínú ike, kí àwọn ìyá wa má po ẹ̀wà mọ́. Ó ní, "Omi tí ẹ̀dá máa mu, kò ní ṣàn kọjá ẹ̀. Ẹ bá mi ṣe hallelujah!" Gbogbo ìjọ hó. Èmi náà hó. Mo ra ike kan, mo gbé e délé, mo sè é. Mọ́ínmọ́ín mi ni. Mo jẹ ẹ́ tán, inú ń bí mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dúró. Ẹ̀san ò gbóògùn, àmọ́ mi ò mọ ọ̀nà tó máa gbà wá.

Ìgbà tí a ṣe ìpàdé àdúrà nílé rẹ̀ ni mo tó rí ọ̀nà náà. Gáréèjì rẹ̀ kún fún páálí omi inú ike títí dé àjà. Ẹ̀yin náà mọ àwa, a dé Amẹ́ríkà tán, ọkàn wa ò balẹ̀ sí omi ẹ̀rọ, omi rírà la fi ń mu, òun la fi ń sebẹ̀. Òun náà ló ń fi po ẹ̀wà. Omi ẹ̀rọ ibí náà ní oògùn apakòkòrò bíi ti India; omi rírà ò ní in nínú, ẹ̀wà rẹ̀ sì ń wú. Kò mọ̀ pé omi ló ń gbè é. Ta ni ì bá sọ fún un? Kò sí nínú ìwé mi, kò sì wá sọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́ rí. Mo jókòó ní gáréèjì yẹn, mò ń ṣe àmín sí gbogbo àdúrà tí wọ́n ń gbà.

Bó ṣe ń gbayì sí i, ilé ìtajà ńlá kan tó ní ẹ̀ka káàkiri ní àwọn fẹ́ máa tà á. Inú rẹ̀ dùn, ó gba ilé ìdáná ńlá kan. Ta ló fẹ́ máa já omi inú ike sínú agbada tó tó ilé? Ẹ̀rọ omi ni wọ́n ṣí sí i. Ẹ̀wà náà ò wú mọ́. Ó tún un ṣe, kò wú. Ó yí ẹ̀wà padà, ó pààrọ̀ ìrẹsì, kò wú. Lọ́sàn-án Saturday kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ dé ilé mi ní Stockbridge pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun kan. Ó ṣí i. Ẹ̀wà náà sùn síbẹ̀ gbalaja, kò sí ẹyọ ìhó kan lójú rẹ̀.

Ó ní, "Àbúrò, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. The buyers are coming on Thursday. Ìwọ lo wà nínú iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́. Kí ló ń ṣe é?"

Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo tọ́ ọ wò. Oògùn náà wà níbẹ̀, fẹ́lẹ́, lẹ́yìn ahọ́n. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní láti sọ. Mo nu ọwọ́ mi, mo kúnlẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fẹ́ mọ̀ tí ẹ̀yin ò mọ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "See humility! Kò wọ́pọ̀ mọ́ láyé yìí." Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní ó kéré tán kí n wá lọ́jọ́ Thursday, kí n wọ aṣọ funfun mi, kí àwọn olùrà lè rí i pé òun ní onímọ̀ oúnjẹ lẹ́yìn. Mo ní kò burú, sà. Mo yí shift mi padà nítorí rẹ̀. Ọmọbìnrin mi, tí wọ́n bí síbí, bi mí nígbà tí wọ́n lọ tán. Ó ní, "Mom, I thought you know that stuff."

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n."

"So kí ló dé tí o ò tell them?"

"Àgbà ni wọ́n. A kì í kọ́ àgbà."

Lọ́jọ́ Thursday, Ẹ̀gbọ́n ti fi baking powder sí i kó lè wú. Ó wú lóòótọ́, ó sì korò. Obìnrin tó ṣáájú àwọn olùrà náà fi ṣíbí kan tọ́ ọ wò, ó gbé ṣíbí náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, "This is my younger sister, a food scientist. I trained her myself, back in India." Obìnrin náà yíjú sí mi. Ó ní, "Is that right? So can this be fixed?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo tẹ orúnkún mi sílẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, mo wolẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo fọhùn. Mo ní, "He is my senior. He taught me everything. If he cannot fix it, ma, I cannot." Mo gbé ojú sókè, mo wo Ẹ̀gbọ́n. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ojú rẹ̀ dúró sórí orúnkún mi tí mi ò tíì nà. Níbẹ̀ ló ti rántí. Mo rí i bó ṣe ń rántí i: yàrá ìpàdé yẹn, táì rẹ̀, ọ̀gá tuntun. Mi ò lè sọ bó ṣe dùn mọ́ mi tó. Obìnrin náà dúpẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀, wọ́n lọ. Láìpẹ́ Ẹ̀gbọ́n dá ilé ìdáná náà padà fún àwọn tó ni ín, ó sì ní òun ò ṣe ẹ̀wà mọ́, ọkàn òun ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n?

Pásítọ̀ wa fẹ́ràn láti máa wàásù nípa ìdáríjì. Mo máa ń gbọ́ ọ, mo sì máa ń kọ ẹsẹ Bíbélì rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ mo ti dàgbà tó láti mọ̀ pé mi ò kábàámọ̀, mi ò sì ní purọ́ fún Ọlọ́run pé mo kábàámọ̀. Lálaalẹ́ Friday, ọmọbìnrin mi á pọn omi ẹ̀rọ sínú abọ́ fífẹ̀ kan nínú kíṣìnnì wa, á fi aṣọ bò ó. Mo ti kọ́ ọ. Ó máa ń ní, "Good night, water," á pa iná. Bí a bá sì jókòó ti mọ́ínmọ́ín náà láàárọ̀, mo máa ń sọ fún un nípa bàbá mi, pé òótọ́ ló sọ fún àwọn aládùúgbò.

Níbi eré ìta tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí, Ẹ̀gbọ́n wá jókòó tì mí lábẹ́ igi. Oòrùn mú, ó ti mú omi ike kan nínú yìnyín. Ó ní, "Àbúrò, ohun tí mo ṣe fún ẹ nígbà yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Jọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ ṣe é tà mọ́, mo kàn fẹ́ mọ̀ kí n tó kú ni. Kí ló pa ẹ̀wà yẹn?"

Mo wo ike tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi tí ẹ̀dá máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo rọra kúnlẹ̀ sórí koríko, bí mo ṣe máa ń kúnlẹ̀ fún un láti ìgbà tí a wà ní India.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Ó já ìdérí ike náà, ó mu omi inú rẹ̀ tán, ó sì ju ike náà sínú pàǹtírí.